*Ọ̀RÁ INÚ Ẹ̀JẸ̀ ABOYÚN: TA NI WỌ́N FI ṢE ÒṢÙWỌ̀N?*

  

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí oyún ń bẹ lára yín, ẹ̀yin ọkọ wọn, àti ẹ̀yin ìyá ọkọ tí ẹ ń tọ́jú ìyàwó ọmọ. Bí ẹ kò bá ráyè báyìí, ẹ fi í pamọ́ di alẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti ń fi àwọn ọ̀rọ̀ ìlera yìí ránṣẹ́, irú àwòrán kan wà tó ń wọlé sórí fóònù mi ṣáá. Àwòrán ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni. Orúkọ obìnrin máa ń wà lókè rẹ̀, àwọn nọ́ńbà á tẹ̀lé e, lẹ́tà H pupa á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta. Ìbéèrè tó máa ń bá a wá kì í yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, mo sì lóyún oṣù méje. Ṣé kò ní ṣe ọmọ mi ní nǹkan?"

H yẹn túmọ̀ sí pé nọ́ńbà náà ga ju ti ẹni tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n lọ. Ohun tó yẹ ká bi ìwé náà ni pé, ta ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n? Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mo ń ṣe nílùú Ìbàdàn níbí, ó ti lé ní ọdún 17 báyìí. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí wọ́n ti fi hàn mí, ẹni tí kò lóyún ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Bí télọ̀ bá rán aṣọ fún ọmọge, tí aboyún oṣù mẹ́jọ wá wọ̀ ọ́, tí kò gbà á níkùn, ṣé a ó ní ikùn ló ṣẹ̀ ni? Aṣọ náà ni kì í ṣe tirẹ̀.

*OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ẸBÍ TIWA*

Àbúrò mi obìnrin ti fún mi láyè láti sọ èyí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, oyún rẹ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ 31 nígbà tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo pe àwọn alàyẹ̀wò wá láti yẹ gbogbo òṣìṣẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn tò, òun náà tò. Kò sí ẹni tó bi í bóyá ó lóyún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ikùn rẹ̀ ti wọlé ṣáájú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìwé dé: kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àpapọ̀ 268, tiráíglísẹ́ráìdì 241, LDL 152, HDL 68, gbogbo rẹ̀ ní mg/dL. H pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹnì kan fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kó dín ọ̀rá jíjẹ kù.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ìwé náà nílé. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹyin ti kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀. Epo pupa kúrò, ẹran kúrò, ẹ̀pà kúrò, ẹja náà sì tẹ̀lé wọn. Ó wá ku ẹ̀kọ mímu láìsí mílíìkì, àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi omi lásán sè. Láàárọ̀, kó tó fẹnu kan nǹkan kan, wọ́n á fún un ní omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n gún aáyù sí. Aládùúgbò kan tún gbé àgbo wá nínú ìgò, ó ní ó ń fọ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dípò kí ìwọ̀n rẹ̀ máa lọ sókè bíi ti aboyún, kílò 2 ló bọ́ lára rẹ̀. Òòyì ń kọ́ ọ. Nígbà tó lọ sí kíníkì aboyún, PCV rẹ̀ ti já sí 27.

Ìyá wa ló pè mí: "Wá wo àbúrò rẹ o. Ó ń gbẹ."

Mo wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọ̀rá yẹn ló pa bàbá wọn. Mi ò fẹ́ sin ìyàwó ọmọ mi."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì mú ìwé kan tó ti pọ́n bọ̀ láti inú àpótí. Ìwé àyẹ̀wò bàbá ọkọ ni, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lọ. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àpapọ̀ bàbá jẹ́ 271. Wọ́n tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, 271 àti 268, wọ́n sì dákẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ìkà nínú ohun tí màmá yẹn ṣe. Ẹ̀rù àti ìfẹ́ ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni wọ́n rí, ọ̀kan nínú wọn sì ti sọ wọ́n di opó. Ohun tí mo ṣàlàyé fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín báyìí.

*KÍ NI Ọ̀RÁ Ń ṢE NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀ ABOYÚN?*

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wà lára ohun tí ara fi ń mọ ògiri gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa, òun náà sì ni ara fi ń ṣe àwọn họ́mónù kan. Tiráíglísẹ́ráìdì ní tirẹ̀ jẹ́ ohun ìdáná, bí epo bẹntiróòlù nínú ọkọ̀. Nítorí pé ọ̀rá àti omi kì í pò pọ̀, ara máa ń di wọ́n sínú ẹrù kí wọ́n tó lè rìn nínú ẹ̀jẹ̀. LDL ń kó kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lọ káàkiri ara. HDL ń ṣa èyí tó ṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀. Bí LDL bá pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀. Èyí ni ìdí tí àwọn dókítà fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó ti ń dàgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí ọ̀rọ̀ yẹn: fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tí oyún bá dé, ètò yí padà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ara ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rá jọ sí itan àti ìdí, bí àgbẹ̀ tó ń kó iṣu sínú abà de ìgbà ọ̀dá. Nígbà tí oyún bá wọ oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, tí ọmọ ń tóbi kíákíá, ilẹ̀kùn abà á ṣí, ọ̀rá náà á sì tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀.

Họ́mónù tí ibi ọmọ ń ṣe ló ń darí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ń mú kí ara ìyá má gbọ́ràn sí ínsúlìn lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ìyá lè máa fi ọ̀rá dáná fún ara rẹ̀, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì kù fún ọmọ. Ó dà bí ìyá tó mu gààrí, tó fi ìrẹsì sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Họ́mónù tó ń jẹ́ ẹ́sítírójìn náà ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó máa kó tiráíglísẹ́ráìdì síta sí i. Ibi ọmọ ń mú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ó ń fi ṣe họ́mónù tó ń mú kí ilé ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kó má baà máa sún kì ṣáájú àsìkò. Ọmọ inú náà ń gba ọ̀rá tí yóò fi mọ ọpọlọ rẹ̀. Bí ìbímọ bá sì ti sún mọ́lé, ọmú á bẹ̀rẹ̀ sí í fa tiráíglísẹ́ráìdì láti fi ṣe wàrà.

Ohun tí H pupa yẹn ń tọ́ka sí lára àbúrò mi nìyẹn. Iṣẹ́ ń lọ nínú rẹ̀.

*ÀWỌN NỌ́ŃBÀ TÓ YẸ KÍ Ẹ MỌ̀*

Fún ẹni tí kò lóyún, a máa ń fẹ́ kí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àpapọ̀ wà lábẹ́ 200 mg/dL, kí tiráíglísẹ́ráìdì sì wà lábẹ́ 150. Ní ọdún 2009, àwọn dókítà aboyún kan ní Amẹ́ríkà kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣe tábìlì òṣùwọ̀n fún ìgbà oyún kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀:

*Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àpapọ̀ (mg/dL)*
• Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: 141 sí 210
• Oṣù mẹ́ta àárín: 176 sí 299
• Oṣù mẹ́ta ìkẹyìn: 219 sí 349

*Tiráíglísẹ́ráìdì (mg/dL)*
• Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́: 40 sí 159
• Oṣù mẹ́ta àárín: 75 sí 382
• Oṣù mẹ́ta ìkẹyìn: 131 sí 453

Ẹ tún wo oṣù mẹ́ta ìkẹyìn dáadáa. Èyí tó kéré jù nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù níbẹ̀ ni 219, ó sì ti ju 200 lọ. Ìyẹn ni pé bí a bá fi òṣùwọ̀n ẹni tí kò lóyún wọn àwọn aboyún tó ti fẹ́ bímọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni yóò gba H, tó fi mọ́ àwọn tí ara wọn le koko. Àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà tiwa náà ti wọn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ aboyún, wọ́n sì rí i pé ó ń gòkè bí oyún ṣe ń dàgbà.

Ẹ wá fi ti àbúrò mi wé e. 268 wà láàárín 219 sí 349. 241 wà láàárín 131 sí 453. LDL 152 àti HDL 68 rẹ̀ náà wà láàárín ti oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Kò sí ohun tó ń ṣe é títí di ọjọ́ tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò máa ń ṣi aboyún gbé lọ́nà mìíràn pẹ̀lú. Omi inú ẹ̀jẹ̀ aboyún máa ń pọ̀ sí i tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí PCV fi máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, tí a fi ń gba 33 lọ́wọ́ aboyún nígbà tí a ń retí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ obìnrin tí kò lóyún. Nọ́ọ̀sì yín mọ èyí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pariwo nígbà tó bá rí 34. Òye kan náà ló yẹ ká fi máa ka ọ̀rá.

*BÍ Ẹ BÁ FẸ́ ṢE ÀYẸ̀WÒ YÌÍ*

Àyẹ̀wò ọ̀rá kò sí lára àwọn tí gbogbo aboyún gbọ́dọ̀ ṣe ní kíníkì. PCV, irú ẹ̀jẹ̀, jínótáìpù, HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ìtọ̀ àti ṣúgà ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín fún un láìsí ìdí. Àmọ́ bí dókítà bá ní kí ẹ ṣe é, ẹ rántí àwọn nǹkan wọ̀nyí:

*1. Ẹ sọ pé ẹ lóyún, kí ẹ sì sọ iye ọ̀sẹ̀ rẹ̀.* Kí wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ má rò pé wọ́n ti rí ikùn yín. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ lè rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ èsì jáde nínú yàrá kejì kò rí yín.

*2. Ẹ wo òṣùwọ̀n tó wà lórí ìwé.* Yàrá àyẹ̀wò kan ń lo mg/dL, òmíràn ń lo mmol/L. Ó dà bí ẹni tó fi kóńgò wọn ìrẹsì lónìí, tó fi dèrìkà wọn ọ̀n lọ́la. Ìrẹsì kan náà ni. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù 268 mg/dL ni 6.9 mmol/L. Tiráíglísẹ́ráìdì 241 mg/dL ni 2.7 mmol/L. Mo ti rí obìnrin tó sunkún nítorí pé ó rò pé ọ̀rá òun fò láti 6 lọ sí 250 láàárín oṣù kan.

*3. Ẹ béèrè bóyá ẹ gbọ́dọ̀ fi ebi sínú.* Lóde òní, a lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú àyẹ̀wò ọ̀rá láìgba ebi. Bí tiráíglísẹ́ráìdì bá wá ga ju 400 mg/dL lọ lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n lè ní kí ẹ padà wá pẹ̀lú ikùn òfìfo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹun alẹ́ yín, ẹ sùn, kí ẹ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Omi lásán kò ba àyẹ̀wò jẹ́. Ẹ gbé oúnjẹ dání, kí ẹ jẹ ẹ́ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Kò dára kí aboyún fi ebi pa ara rẹ̀ di ọ̀sán nítorí àyẹ̀wò.

*4. Kí okùn rọ́bà má pẹ́ lápá.* Bí wọ́n bá di apá yín pa fún ìgbà pípẹ́ tí wọ́n ń wá iṣan, omi á máa jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀, ọ̀rá tó kù á sì ki jù bó ṣe yẹ lọ. Ó yẹ kí wọ́n tú u láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ jókòó sinmi díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

*5. Ẹ mọ̀ pé ìṣirò ni LDL sábà máa ń jẹ́.* Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò kì í wọn LDL fúnra rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1972 ni wọ́n ń lò: wọ́n á yọ HDL kúrò nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù àpapọ̀, wọ́n á tún yọ ìdá márùn-ún tiráíglísẹ́ráìdì. Ti àbúrò mi rèé: 268, yọ 68 kúrò, yọ 48 kúrò, ó ku 152. Ìṣirò yìí kò ṣeé gbára lé mọ́ bí tiráíglísẹ́ráìdì bá ti kọjá 400. Bẹ́ẹ̀ sì ni tiráíglísẹ́ráìdì ló ń gòkè jù nínú oyún. Bí tiyín bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn LDL gan-an.

*6. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ padà sí yàrá àyẹ̀wò kan náà.* Kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n kan náà, kí ikùn sì wà bó ṣe wà nígbà àkọ́kọ́. Ìgbà yẹn nìkan ni a lè fi èsì méjì wé ara wọn.

*ṢÙGBỌ́N ÈWU WÀ NÍBẸ̀ NÍGBÀ MÌÍRÀN*

Mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí, kó sì lọ sùn lórí ohun tó yẹ kó gbé e dìde.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ aboyún ọ̀sẹ̀ 33 kan wá. Wọ́n ní inú rírun ló gbé e wá, kò sì yé bì. Mo fi ẹ̀jẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ tó ń yí i kó lè pín sí méjì. Omi tó máa ń dúró lókè máa ń mọ́ kedere, á sì pọ́n rúsúrúsú. Ti obìnrin yìí funfun báláú bí omi ògì. N kò dúró di ìgbà tí èsì máa jáde. Mo pe wọ́ọ̀dù, mo sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí dókítà. Ọ̀rá ló kún inú ẹ̀jẹ̀ yìí." Nígbà tí a fi omi là á, tí a sì wọ̀n ọ́n, tiráíglísẹ́ráìdì rẹ̀ jẹ́ 2,140 mg/dL.

Bí tiráíglísẹ́ráìdì bá ti kọjá 1,000, ó lè mú kí pancreas wú kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Pancreas ni ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tó ń ṣe omi tí a fi ń lọ oúnjẹ, tó sì ń ṣe ínsúlìn. Àìsàn yìí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa ìyá àti ọmọ. Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera tó bá ń ka èyí rántí: ọ̀rá tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú kí àyẹ̀wò amylase jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ti obìnrin náà jáde bẹ́ẹ̀. Dókítà kò gbára lé e, ó ní ká ṣe lipase, ó sì gbé e lọ fún àwòrán inú. Wọ́n dá oúnjẹ dúró, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní ínsúlìn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló bímọ, ọmọ náà kéré. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lọ sílé.

Ẹ fi 2,140 wé 241. H kan náà ni ẹ̀rọ máa fi sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Nítorí náà, *ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn* bí aboyún bá ń ní inú rírun líle lókè ikùn, tó ń gba ẹ̀yìn jáde, tó sì ń bì. Ẹ má fún un ní àgbo. Ẹ má sọ pé inú kíkún ni. Ó lè jẹ́ pancreas, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún tó ti dé ẹ̀dọ̀. Méjèèjì kò gba ìdúró.

*Àwọn tó yẹ kí dókítà wọn ọ̀rá wọn nínú oyún* ni ẹni tí tiráíglísẹ́ráìdì rẹ̀ ti ga kó tó lóyún, ẹni tí pancreas rẹ̀ ti wú rí, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò gbọ́ ìtọ́jú, àti ẹni tí ọ̀rá gíga jẹ́ àjogúnbá nínú ìdílé rẹ̀. Irú àjogúnbá kan wà tó ń gbé LDL sókè láti kékeré. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 250 ló ní in. Bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ní àrùn ọkàn kó tó pé ọdún 55, ẹ sọ fún dókítà.

*OÚNJẸ ÀTI OÒGÙN*

Aboyún tí nọ́ńbà rẹ̀ wà láàárín tábìlì tí mo kọ sókè yìí kò nílò oògùn ọ̀rá, kò sì nílò kí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kó jẹ ẹyin rẹ̀. Kó jẹ ẹ̀wà àti ẹja, bí ẹja ṣáwá tó ní ọ̀rá tó ń ṣe ọpọlọ ọmọ lóore. Epo pupa níwọ̀nba dára, fítámì A wà nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó dín kù ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣúgà, àti oúnjẹ tí wọ́n dín nínú òróró lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ṣúgà tí a mu lónìí ni ẹ̀dọ̀ máa ń sọ di tiráíglísẹ́ráìdì. Ọtí líle kò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ aboyún rárá.

Àgbo tó ń "fọ ọ̀rá" ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìgò rẹ̀. A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, a kò sì mọ iye tí ọmọ inú lè gbà.

Àwọn oògùn ọ̀rá tí orúkọ wọn parí sí statin ń kọ́? Ní oṣù Keje ọdún 2021, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, yọ ìkìlọ̀ tó le jù lórí lílo wọn nínú oyún, síbẹ̀ wọ́n ṣì gba ọ̀pọ̀ jù lọ nímọ̀ràn láti dá a dúró bí wọ́n bá ti lóyún. Bí ẹ bá ń lò ó tí oyún sì dé, ẹ má bara jẹ́, ẹ má sì dá ìpinnu ṣe. Ẹ tètè lọ rí dókítà yín.

*LẸ́YÌN ÌBÍMỌ*

Tiráíglísẹ́ráìdì máa ń tètè wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fífún ọmọ lọ́mú sì ń ràn án lọ́wọ́. LDL lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rá yín ṣe rí gan-an, ẹ ṣe é kí ẹ tó lóyún, tàbí ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ. Oṣù mẹ́ta tiẹ̀ dára jù. Bó bá ṣì ga nígbà náà, ọ̀rọ̀ ti di gidi, ẹ lọ gba ìtọ́jú.

Àbúrò mi padà sídìí oúnjẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá ọkọ rẹ̀ fúnra wọn ló se ẹ̀wà, wọ́n sì bu epo sí i. Ó bí ọmọbìnrin ní ọ̀sẹ̀ 39. Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́rin, a tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò: kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù 189, tiráíglísẹ́ráìdì 92. Kò lo oògùn kankan.

Ìwé bàbá tó wà lórí tábìlì náà kò lọ lásán. Mo sọ fún màmá lọ́jọ́ yẹn pé, "Ìyá, 271 bàbá kò ní oyún tó fà á. Ẹ̀jẹ̀ bàbá kò sì sí lára ìyàwó. Ara ọmọ yín ọkùnrin ló wà." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. Ọkùnrin ọdún 38 ni, kò ṣe àyẹ̀wò rí láyé rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó lọ ṣe é: 254. Nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti ìyàwó rẹ̀, òun sì ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú dókítà láti ìgbà náà, ó ń rìn láràárọ̀, ó sì ti fi sìgá sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́ o. Nígbà tí ẹ bá ń sin ìyàwó yín lọ sí àyẹ̀wò, ẹ̀yin náà ẹ na apá yín.

Ẹ̀yin alàyẹ̀wò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká máa béèrè bí obìnrin bá lóyún, ká sì tẹ òṣùwọ̀n oyún sórí ìwé rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dípò dókítà yín o. Bí ìwé àyẹ̀wò kan bá wà nílé tó ń dà yín láàmú, ẹ mú un lọ sí kíníkì, kí ẹ sì bi wọ́n pé, "Ṣé ti aboyún ni ẹ fi wọ̀n mí?"

Gbogbo aboyún tó wà lórí ìlà yìí, wẹ́rẹ́ ni ẹ ó sọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ fi ránṣẹ́ sí aboyún kan tí ẹ mọ̀, àti sí ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n yín láti yàrá àyẹ̀wò. Ó di Sátidé tó ń bọ̀.